Ìgbà wo ló dára jù láti ya fọ́tò àwọn ẹyẹ etíkun nítòsí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)?

Láti oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta ni, ní kùtù òwúrọ̀, kété tí oòrùn bá yọ. Àsìkò yẹn ni àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù máa ń pọ̀ níbí. Tó bá fi máa di oṣù kẹfà, ọ̀pọ̀ wọn ti padà lọ yé ẹyin, àfi díẹ̀ nínú àwọn tí kò tíì dàgbà.

Ọ̀sà ló wà ní Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀; ẹni tó bá fẹ́ òkun á lọ sí Sèmè-Kpodji. Gúúsù ni etíkun náà dojú kọ, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ yanrìn wá. Máa rìn lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn láàárọ̀, kí oòrùn lè wà lẹ́yìn rẹ. Nírọ̀lẹ́, ìhà ìlà-oòrùn ni. Má lé ẹyẹ. Dọ̀bálẹ̀ sórí yanrìn, lókè ibi tí ìgbì ń dé, kí wọ́n fúnra wọn máa jẹun bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Fi iyára kámẹ́rà sí 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹsẹ̀ wọn yá púpọ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku lè mú kí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ṣú.