Kí ẹ tó ra ọkọ̀ eré onígbòkun yẹn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìdí rẹ̀

Arákùnrin mi, mo rí ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ eré onígbòkun àlòkù kan láti òkè òkun, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 36, kí ẹ máa fi ṣeré lẹ́nu èbúté Èkó, kí ẹ sì fi wọ ìdíje orí òkun lọ́jọ́ iwájú. Ẹ wá béèrè bóyá ìgbòkun Dacron, ìyẹn aṣọ polyester, ni kí ẹ gbà tàbí ti carbon, ìyẹn fọ́nrán tó fúyẹ́ tó sì le, àti bóyá òpó carbon tó wà lórí ọkọ̀ náà kò ní kó wàhálà bá yín. Ìbéèrè tó dára ni, màá sì dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi ti rí kò jẹ́ kí n lè gbọ́ orúkọ ọkọ̀ eré àlòkù kí n má kọ́kọ́ béèrè kíìlì rẹ̀.

Kíìlì ni irin wúwo tó rọ̀ sábẹ́ ọkọ̀, òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó ń ti ìgbòkun da ọkọ̀ nù. Láyé àtijọ́ kíìlì máa ń gùn láti itòsí iwájú títí dé ẹ̀yìn, ó sì jẹ́ ara ọkọ̀ gan-an, débi pé bí ẹ bá gbá a mọ́ yanrìn, ọkọ̀ á kàn jókòó ni, ẹ ó sì dúró de omi kíkún. Àwọn tó ń ya àwòrán ọkọ̀ eré lóde òní kò fẹ́ ìyẹn mọ́. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ fúyẹ́, kí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ̀yìn rẹ̀ gbòòrò, kó lè gun orí omi bí afẹ́fẹ́ bá le dípò kó máa la àárín omi kọjá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe sọ kíìlì di abẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn lọ sísàlẹ̀, tí wọ́n sì kó òjé jọ sí ìparí rẹ̀ bí kókó. Ọgbọ́n ńlá ni, nítorí òjé díẹ̀ tó jìnnà sísàlẹ̀ á ṣe iṣẹ́ òjé púpọ̀ tó wà nítòsí. Ṣùgbọ́n ibi tí abẹ náà ti so mọ́ ọkọ̀ ti kéré, ohun tó sì ń fa ibẹ̀ ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn ọkọ̀ IMOCA tí ẹ ń wò lórí fóònù, tí gígùn wọn jẹ́ mítà 18.28, tí ẹnì kan ṣoṣo ń wà yí ayé ká láìdúró nínú Vendée Globe, kíìlì tiwọn tilẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún sósì ní ìwọ̀n dígíríì 38. Irú rẹ̀ ni Charlie Dalin, awakọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ṣe ọjọ́ 64 àti wákàtí 19 nínú ìdíje 2024 sí 2025. Ẹ má fi ojú ìyẹn wo ọkọ̀ yín o, ogunlọ́gọ̀ òṣìṣẹ́ ló wà nídìí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Nídìí tiyín, ẹ̀yin àti ọmọ iṣẹ́ kan ni.

Tèmi jẹ́ mítà 10.5, kíìlì rẹ̀ sì wọ omi tó mítà 2.1. Nígbà tó tó àkókò láti kun ìdí rẹ̀, mo sá fún owó tí wọ́n ń gbà létí omi ní Erékùṣù, mo ní kí wọ́n gbé e lọ sí àgbàlá kan létí ọ̀sà ní Èbúté Mẹ́tà. Òpó rẹ̀ kò lè gba abẹ́ àwọn afárá kọjá, a sì yọ ọ́, a so ọkọ̀ mọ́ ẹ̀yìn fáíbà kan tó ní énjìnnì Yamaha, ó di ìrìn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀sà Èkó kò jìn, ọ̀pọ̀ ibi nínú rẹ̀ ni kò tó mítà méjì. Ọmọkùnrin tó ń fà wá ní òun mọ ọ̀nà. Bí a ṣe kọjá Ìddó tán ni ọkọ̀ dúró lójijì, tí kúlà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ fò wọ inú yàrá lọ, omi dídì sì fọ́n káàkiri ilẹ̀. Bó bá jẹ́ yanrìn ni, ṣìì ló máa ń dún. Gbàù ni èyí dún. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá òkúta ni tàbí òkú ọkọ̀ kan tí wọ́n fi sílẹ̀ síbẹ̀ kó jẹrà.

Ilé iṣẹ́ adójútòfò kan tí mo ń san owó fún rán ọ̀gá ayẹ̀wò wá. Ọ̀gá yìí wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó mú òòlù kékeré lọ́wọ́, ó kan iwájú kíìlì kó-kó-kó bí ẹni ń yan ìkòkò lọ́jà, ó rí ibi tí òjé ti tẹ̀ wọlé díẹ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀. Kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Mo bi í pé ṣé kò ní ṣí pákó ilẹ̀ inú ọkọ̀ wò ni, ó ní ṣé èmi ni mo lọ sí ilé ìwé tí òun lọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ojú lásán ni ó bó, ó gba owó, ó lọ. Ìwé náà ní òǹtẹ̀, ó ní àmì, ó dán.

Ohun tí kò wò ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ẹ rántí igi gbágùúdá tó dúró nínú ilẹ̀: bí ẹ bá ti orí rẹ̀ síwájú, ilẹ̀ tó wà níhà ọ̀dọ̀ yín á sán, èyí tó wà lódì-kejì á rì. Bákan náà ni kíìlì, àfi pé ó dorí kodò. Nígbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá gbá nǹkan tí ọkọ̀ sì ń lọ, iwájú gbòǹgbò rẹ̀ á fẹ́ já kúrò lára ọkọ̀, ẹ̀yìn gbòǹgbò náà á sì ru wọ inú ọkọ̀. Iwájú ni ojú máa ń rí nítorí ibẹ̀ ni ọ̀dà ti bó, ṣùgbọ́n nínú, lẹ́yìn kíìlì, ni nǹkan ti máa ń fọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ eré tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu, egungun inú ọkọ̀ tó ń gbé agbára kíìlì kò bá ara ọkọ̀ dàgbà pọ̀. Àgbékalẹ̀ fáíbà kan ni wọ́n dá ṣe lọ́tọ̀, tí wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀. Bí gọ́ọ̀mù yẹn bá ti ṣí, lóde ọkọ̀ ẹ lè máà rí ohunkóhun.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwa mẹ́rin gbéra lọ sí Kútọnu, kí a lè fi kọ́ ara wa ní ìrìn òru. A jáde láàárín àwọn ògiri òkúta ẹnu èbúté ní ọ̀sán, a fi Tarkwa Bay sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ń fẹ́ wá láti ẹ̀gbẹ́ iwájú, omi òkun tí í máa ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn sì ń dì wá lọ́wọ́, ọkọ̀ sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ dáadáa bí ó ti yẹ kí ọkọ̀ eré ṣe. Nígbà tó di bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo wà nísàlẹ̀ tí mò ń po gààrí, mo gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, bí ẹni ń fi èékánná ha inú igbá. Mo ṣí pákó. Omi wà níbẹ̀. Mo fi ìka kàn án, mo lá a, iyọ̀ ni. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn kíìlì, mo rí ìlà kan níbi tí egungun fáíbà yẹn ti kan ara ọkọ̀, ìlà tó tín-ín-rín bí irun. Káàdì ìpè kan tí mo ti ha tán wà lápò mi. Mo ki etí rẹ̀ sí ojú ìlà náà. Nígbà tí ìgbì gbé wa sókè, káàdì náà wọlé dé ìdajì láìsí pé mo tì í; nígbà tí ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀, ibẹ̀ pa dé, mo fa káàdì náà, ó ya sí mi lọ́wọ́. Mo dúró lórí eékún níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè pe àwọn yòókù.

Kò sẹ́ni tó pariwo. A rọ ìgbòkun ńlá sílẹ̀, a fi kékeré iwájú nìkan sílẹ̀, a yí padà kí afẹ́fẹ́ lè wá láti ẹ̀yìn kí ọkọ̀ má baà fẹ̀gbẹ́ mọ́, a tan énjìnnì jẹ́jẹ́. A gbé ọkọ̀ ìgbàlà onírọ́bà kúrò nínú àpótí rẹ̀, a so ó mọ́ orí ọkọ̀ níbi tí ọwọ́ ti lè tó o. Ẹnì kan ń gbọ́n omi, ẹnì kan ń fi káàdì mìíràn wọn ìlà náà ní wákàtí wákàtí. A pè lórí rédíò ní ojú ìlà 16, èyí tí àwọn ọkọ̀ fi ń ké fún ìrànlọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta, a kò rí ìdáhùn. Nígbà tí a dé iwájú ẹnu èbúté, ilẹ̀ kò tíì mọ́, omi ọ̀sà ń jáde, ìgbì òkun ń wọlé, àwọn méjèèjì sì ń jà níbẹ̀. Mo fẹ́ fi ìpayà wọlé. Bàbá apẹja Ìlàjẹ kan tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ nítòsí ló ju tọ́ọ̀ṣì sí wa, ó ní, “Ẹ má wọ ibẹ̀ báyìí o, ẹ jẹ́ kí omi ó yí padà.” A dúró fún bíi wákàtí méjì, ó sì bá wa dúró. Bàbá yìí kò ní òǹtẹ̀ kankan.

Ẹ lè rò pé mò ń sọ àsọdùn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, ọkọ̀ eré onígbòkun kan tí ń jẹ́ Cheeki Rafiki ń padà láti erékùṣù Antigua ní Caribbean lọ sí Southampton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kíìlì rẹ̀ já ní àárín òkun Atlantic, ó dojú dé, ọkùnrin mẹ́rin sì kú. Ìwádìí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó ti gbá ilẹ̀ rí, wọ́n sì ti tún un ṣe, ó sì ṣeé ṣe kí ìyẹn ti dín agbára ibẹ̀ kù. Nígbà tí wọ́n rí ọkọ̀ náà níbi tó dojú dé sí, ọkọ̀ ìgbàlà rẹ̀ ṣì wà ní ipò rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìyẹn ló mú mi gbé tiwa jáde lóru ọjọ́ yẹn. Ọkọ̀ tó lówó lórí náà kì í bọ́: ọkọ̀ Rambler 100 pàdánù kíìlì nínú Fastnet, ìdíje orí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2011, àfi pé orí kó gbogbo àwọn 21 tó wà nínú rẹ̀ yọ.

Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n ṣí pákó ilẹ̀, kí wọ́n nu ibẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì wò ó nígbà tí kíìlì ń rọ̀ lórí kírénì, lẹ́yìn náà nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ìlà bá ń ṣí tó ń pa dé, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ wo àwọn irin onínọ́ọ̀tì tó di kíìlì mú, bóyá omi ìpẹtà ń sun lẹ́bàá wọn. Ìlànà ìdíje orí òkun ti World Sailing, àjọ tó ń ṣàkóso eré ọkọ̀ onígbòkun lágbàáyé, ní àfikún kan tó ṣàlàyé bí a ṣe ń yẹ kíìlì àti ìtọ́kọ̀ wò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ fi lé ọ̀gá ayẹ̀wò yòówù tí ẹ bá pè lọ́wọ́, kó lè rí i pé ẹ mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ìtúnṣe kò ní ìṣòro kan lọ títí: ẹ gbé ọkọ̀ sókè, ẹ tú kíìlì, ẹ lọ ibi tó ti bàjẹ́ títí dé ibi tó le, ẹ fi fáíbà tuntun mọ ọ́n padà, ẹ dè é. Tèmi gba oṣù márùn-ún.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé kó fún yín ní ìwọ̀n ibi tí ọkọ̀ náà lè fẹ̀gbẹ́ dé tí yóò ṣì padà dúró. Ọkọ̀ tó gbòòrò tó sì tẹ́ máa ń dúró dáadáa lórí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá dojú dé tán, ó lè dúró dáadáa bẹ́ẹ̀ náà. Ìdíje Fastnet ti 1979, tí ìjì kọlù, ni àwọn tó ń ya ọkọ̀ ti kọ́ èyí pẹ̀lú ẹkún: nínú ọkọ̀ 303 tó gbéra, 86 ló parí, awakọ̀ 15 sì kú.

Ó wá ku ìgbòkun tí ẹ béèrè. Ẹ gba Dacron. Oòrùn wa kò ní ṣàánú ìgbòkun carbon, ọ̀rinrin á mú un hu, bí ẹ bá sì ń ká a bí aṣọ, á máa ṣí ní ìpele ìpele. Iyekíye tí ẹ bá gbà, ẹ má gbàgbé ìgbòkun kékeré ìjì, nítorí ìjì tó ń wá láti ìlà-oòrùn nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kì í fi àyè sílẹ̀ kí ènìyàn ronú. Òpó carbon kò burú, àfi ibi tí alumíníọ́mù bá ti kan carbon, iyọ̀ á jẹ alumíníọ́mù náà. Kí ẹ sì béèrè ọdún tí wọ́n fi pààrọ̀ àwọn wáyà tó dì í mú, bó bá ti tó ọdún mẹ́wàá, ẹ yọ owó wáyà tuntun kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ọkọ̀ tó ní ìyẹ́ lábẹ́ omi fún yín, irú èyí tí ìyẹ́ náà ń gbé fò lójú omi, ẹ rántí igi tó ń léfòó, ọ̀rá àti àwọ̀n apẹja tó kún ẹnu èbúté wa.

Ẹ kò sọ ibi tí ẹ fẹ́ máa so ó mọ́. Bí ó bá jẹ́ ìhà mainland lókè àwọn afárá, ẹ kọ ìjìn kíìlì rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó san ohunkóhun, kí ẹ sì ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ẹ̀yìn kíìlì láti inú, pẹ̀lú pákó ní ṣíṣí. Èmi yóò bá yín wò ó.