Ẹ Bi Wá: Àwọn tuntun wá lẹ́ẹ̀kan, wọn ò padà wá mọ́

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kent ní Ìlú Ọba ni mo wà, a sì ní kílọ́ọ̀bù slot car kan níbí, àwọn mọ́tò kéékèèké oníná tó ń sá nínú ihò tóóró lórí tíráàkì, irú Scalextric yẹn. Àwa tá a wà níbẹ̀ ti ń dàgbà. Mo mú ọ̀dọ́ mẹ́ta wá láti ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan péré, mi ò rí wọn mọ́. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, jẹ́ kí n bi ẹ́ ná. Lọ́jọ́ yẹn, ta ló ń gbé mọ́tò wọn padà sínú ihò tó bá fò jáde? Mo fura pé ẹ̀yin àgbà ni. Ọmọ tẹ tírígà ọwọ́ ẹ̀ tí wọ́n fi ń wa mọ́tò, mọ́tò dé kọ́nà ó fò jáde, àgbà kan sáré gbé e, ó tún un ṣe, ó dá a padà, ó tún fò jáde, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ọmọ ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Kí ló fẹ́ padà wá ṣe níbẹ̀?

Tí wọ́n bá tún wá, ẹ má fi wọ́n sínú ìdíje o. Ẹ fún wọn ní mọ́tò kílọ́ọ̀bù tó ní mágínẹ́ẹ̀tì lábẹ́, irin tíráàkì á máa fà á mọ́lẹ̀, kò ní tètè fò (mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ò fẹ́ gbọ́ mágínẹ́ẹ̀tì sétí, ẹ jọ̀ọ́, àlejò ni wọ́n). Nǹkan kan péré ni kó o kọ́ wọn: kí wọ́n dẹ ìka lórí tírígà kí mọ́tò tó wọ kọ́nà, kì í ṣe ìgbà tó bá ti wà nínú ẹ̀, kí wọ́n wá rọra máa tẹ̀ ẹ́ padà tó bá ti ń jáde. Ìwọ náà, fi mọ́tò ẹ tó yára jù yẹn sílẹ̀ nínú àpótí.

Lẹ́yìn náà kó o dojú mọ́tò dé, kó o fi wáyà híhun méjì tó wà lábẹ́ imú ẹ̀ hàn wọ́n, òun ló ń gba iná lára irin tíráàkì. Tó bá ti dọ̀tí tàbí tó rún, mọ́tò á máa sá á máa dúró. Jẹ́ kí ọmọ fi èékánná ara ẹ̀ tẹ́ ẹ, kó yí táyà lórí téèpù tó ń lẹ̀ kí eruku kúrò, ìwọ ká ọwọ́ sẹ́yìn jàre, kódà tó bá ń pẹ́.

Ẹ fi wọ́n ṣe máṣà náà, kí wọ́n dúró sí kọ́nà máa gbé mọ́tò tó bá fò. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí ibi táwọn tó mọ̀ ọ́n sá ti ń dẹ ọwọ́. Kí wọ́n ṣáà wo léènì dáadáa kí wọ́n tó dá a padà, torí ẹni tó bá gbé e sí léènì ẹlòmíì, ìjà ló dá sílẹ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ owó, ẹ má tíì dá a. Tí wọ́n bá wá fẹ́ ra tiwọn, sọ irú tíráàkì tẹ́ ẹ ní fún wọn, torí mọ́tò analog tí ò ní chip, tó bá dórí tíráàkì digital, níbi tí chip inú mọ́tò ti ń gba àṣẹ, ńṣe lá kàn máa sá lọ, kò ní gbọ́ ti ọwọ́ ẹni tó ń wà á.

Ẹ pe àwọn bàbá wọn náà. Láti 1957 ni Fred Francis ti gbé Scalextric jáde níbẹ̀, ẹni tó bá dàgbà sí Ìlú Ọba lè ti fi ṣeré rí. Àwọn mẹ́ta yẹn, pè wọ́n lórí fóònù, má kàn fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́, sọ fún wọn pé ìdíje ò sí lọ́sẹ̀ yìí, mọ́tò lẹ fẹ́ tú.