Kí ni ká máa wò nínú àwòrán tí kò jọ nǹkan kan?

Ìbéèrè: Olùyàwòrán wa, òkun o. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, Mopa ni mo ń gbé. Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì ní Zaria. Nígbà tó wálé kẹ́yìn, ó gbé àwòrán kan wá tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Pupa ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọ̀ eérú díẹ̀, ìlà dúdú kan sì la àárín rẹ̀ kọjá. Mi ò rí ènìyàn, mi ò rí ilé, mi ò rí igi. Ó bi mí pé báwo ni mo ṣe rí i, mo ní ó dára, ó sì mọ̀ pé ẹnu lásán ni. Kí ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ń wò nínú irú rẹ̀? Ṣé ọmọdé kò lè ya èyí ni? Ìyá rẹ̀ tún fẹ́ ká gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ibo ló yẹ kó wà?

Ìdáhùn: Òkun o, Bàbá. Ẹ kú ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó ilé ìwé.

Ohun tó ń dà yín láàmú ni pé ẹ ń wá ohun tó fara pamọ́ sínú àwòrán náà, bí ẹni tó fẹ́ já àlọ́. Kò sí ohun tó pamọ́. Gbogbo rẹ̀ ló wà níta: pupa, eérú, ìlà dúdú. Ohun tí à ń wò ni ohun tí ọwọ́ ṣe, àti ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ náà ń ṣe sí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀.

Irú ìwòye yìí kì í ṣe àjèjì sí yín. Ẹ wo aṣọ ìpo, aṣọ pupa tí àwọn obìnrin Bùnú máa ń hun, tí a mọ̀ mọ́ ìsìnkú àwọn ìjòyè. Ta ló rí i rí tó béèrè pé kí ni wọ́n yà síbẹ̀? Kí ẹnikẹ́ni tó lanu ni pupa náà ti sọ fún yín pé ẹni ńlá ló lọ. Ẹ wo adìrẹ Ìbàdàndùn náà. Òpó gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn ni àwọn aládìrẹ sọ di ìlà gbọọrọgbọọrọ tó tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n wá ki ṣíbí sáàárín wọn. Ẹni tí kò mọ̀ kò ní rí gbọ̀ngàn kankan níbẹ̀, síbẹ̀ yóò ra aṣọ náà, yóò sì wọ̀ ọ́ lọ òde.

Àwọn Òyìnbó pàápàá kò ṣàdédé dé ibi àwòrán tí kò jọ nǹkan kan. Piet Mondrian, ará Họ́láńdì, ya igi títí. Igi pupa tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1908 ṣì jẹ́ igi tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí. Nígbà tó di 1911, ó ya òmíràn tó jẹ́ àwọ̀ eérú, níbi tí ẹ̀ka àti òfuurufú ti ń wọnú ara wọn. Igi ápù tó yà ní 1912 ti di kìkì ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ sí i, ìlà dúdú tó nàró àti èyí tó dùbúlẹ̀ ló kù, pẹ̀lú pupa, búlúù àti yẹ́lò. Ẹ ní kí ọmọ yín fi wọ́n hàn yín lórí fóònù tẹ̀léǹtẹ̀lé, ẹ ó rí i bí ọkùnrin náà ṣe ń yọ nǹkan kúrò díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wá padà sí tiyín. Ẹ gbé àga síwájú rẹ̀, kí ẹ jókòó tó bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ kíyè sí ibi tí ojú yín bà sí, àti ibi tó gbà lọ lẹ́yìn náà. Ẹ fi ọwọ́ bo ìlà dúdú yẹn: ṣé àwòrán náà ṣì dúró, àbí ó ti tú? Àwa tí à ń yà á máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, a tún máa ń dorí rẹ̀ kodò láti wo ibi tó ti wúwo jù. Ẹ súnmọ́ ọn, kí ẹ wo ibi tí ọ̀dà nípọn àti ibi tí ọmọ yín ti fi àkísà nù ún. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un wò nírọ̀lẹ́ kí ẹ tó tan iná. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń dín kù, pupa ló máa ń tètè ṣókùnkùn lójú wa, búlúù kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòrán tẹ́ ẹ rí láàárọ̀ kọ́ ni ẹ máa rí nígbà náà.

Bí ẹ bá fẹ́ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀, ẹ fi “kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?” sílẹ̀ ná. Ẹ bi í pé: Èwo lo kọ́kọ́ fi síbẹ̀? Kí lo nù kúrò? Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó ti parí? Mi ò tíì rí ayàwòrán tí inú rẹ̀ kì í dùn sí ìbéèrè kẹta yẹn. Bí ẹ bá sì rí i bí ọ̀nà tó la oko kọjá, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Kò ní bínú.

Ní ti ọmọdé: nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni, ọmọdé lè ya ohun tó wu ojú ju ti àgbà lọ. Àmọ́ bóyá ló máa lè tún irú rẹ̀ ṣe lọ́la. Nítorí náà, ẹ má fi àwòrán kan ṣoṣo dájọ́. Ẹ ní kí ọmọ yín kó mẹ́rin tàbí márùn-ún jáde. Bó bá mọ ohun tó ń wá, ẹ ó rí i tó ń padà síbi kan náà, tó ń yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún. Bí kò bá sí ohun tó so wọ́n pọ̀, iṣẹ́ ṣì kù. Ayédèrú wà nínú iṣẹ́ wa, mi ò ní parọ́ fún yín, àwọn kan sì ń fi gírámà bò ó mọ́lẹ̀. Kò sí dandan pé kí gbogbo rẹ̀ wù yín.

Ẹ má sì rò pé àṣà àjèjì ni wọ́n fi ń tan ọmọ yín ní Zaria. Níbẹ̀ ni Uche Okeke, Bruce Onobrakpeya, Demas Nwoko, Yusuf Grillo àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wọn ti para pọ̀ ní 1958, tí wọ́n ní àwọn kò ní máa yàwòrán bí Òyìnbó ṣe kọ́ àwọn nìkan. Okeke mú ìlà ulí, tí àwọn obìnrin Ìgbò ń kọ sára àti sára ògiri, wọ inú iṣẹ́ tirẹ̀.

Àmọ́ wíwo iṣẹ́ ọnà lórí fóònù nìkan kì í tó. Iṣẹ́ El Anatsui, ará Gánà tó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Nsukka, máa ń dà bí aṣọ olówó iyebíye lórí fóònù. Ẹni tó bá dúró tì í ló ń rí i pé ìdérí ìgò ọtí ni, tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì fi wáyà so pọ̀. Nike Davies-Okundaye, aládìrẹ tó jẹ́ ọmọ Ògìdì ní Ìjùmú, ní ibùdó iṣẹ́ ọnà sí ìlú rẹ̀. Ẹ bá ọmọ yín lọ síbẹ̀ nígbà tó bá tún wálé.

Ní ti pálọ̀, kí Màmá má gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé, àwọ̀ rẹ̀ lè ṣá, kó sì jìnnà sí èéfín ilé ìdáná. Kí àárín rẹ̀ ṣe déédéé ojú ẹni tó dúró. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ọ̀dà olóróró ló fi kùn ún. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ lè gbẹ kí inú rẹ̀ má tíì gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ má fi nylon wé e, ẹ má sì jẹ́ kí gíláàsì fara kàn án.