Ọ́ísítà ní Heathrow: ẹ jẹ ẹ́ ní àlọ, ẹ má jẹ ẹ́ ní àbọ̀

Ẹ ní láti Adó-Èkìtì lẹ ti ń bọ̀, ẹ máa gba Heathrow, pápákọ̀ òfurufú London, lọ sí Tòròńtò, ẹ ó sì tún gba ibẹ̀ padà wálé. Ẹ fẹ́ fi ọ́ísítà, ẹran omi tó ń gbé inú ìkarahun, àti ṣáńpéènì kẹ́ ara yín, ẹ wá ń béèrè ìgbà tó dára jù. Ní àlọ ni: bí ọ́ísítà bá dà yín nínú rú, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti dé Tòròńtò, ẹ ò ní wà lójú ọ̀nà mọ́tò.

Tútù, láìsè, ni wọ́n sábà máa ń jẹ ọ́ísítà. Bí kòkòrò norovirus bá wà nínú ẹ̀, wákàtí 12 sí 48 ló máa ń gbà kí ìgbẹ́ gbuuru àti èébì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ṣírò ẹ̀: London sí Èkó tó wákàtí mẹ́fà àbọ̀, ẹ ó dúró de ẹrù, ẹ ó wọ mọ́tò. Ọ̀nà Iléṣà sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, níbi tí mọ́tò ti ń yí òkè, ni àìsàn náà ti lè bá yín. Ẹ báà sun Èkó mọ́jú, wákàtí 48 ò tíì pé. Lẹ́mọ́ọ̀nù kì í pa kòkòrò yẹn, ata kì í pa á, ọtí náà kì í pa á, ohun yòówù kí àwọn àgbà ẹlẹ́mu sọ. Ní àbọ̀, akàn, alákàsà tàbí edé ńlá tí wọ́n ti sè ni kẹ́ ẹ mú. Aláboyún àti ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu ò gbọdọ̀ jẹ ọ́ísítà tútù nígbàkigbà.

Ẹ béèrè mẹ́fà péré. Orí yìnyín ló gbọ́dọ̀ wà, kí omi ara ẹ̀ ṣì wà nínú ìkarahun, kí òórùn ẹ̀ sì dà bíi ti omi òkun. Èyí tó ti gbẹ tàbí tó ń rùn, ẹ dá a padà, ẹ má tijú. Ẹ fi fọ́ọ̀kì kékeré tú u lára ìkarahun, ẹ kán lẹ́mọ́ọ̀nù tàbí ọtí kíkan alálùbọ́sà sí i, ẹ dà á sẹ́nu, ẹ rún un díẹ̀. Ẹni tó bá gbé e mì bí òkèlè iyán, iyọ̀ nìkan ló máa mọ̀ lẹ́nu.

Ife ṣáńpéènì kan jẹ́ 125 ml, ọtí inú ẹ̀ sì tó 12%. Èyí tí wọ́n kọ brut sí kì í dùn bí wáìnì òde ìnáwó wa. Demi-sec ló ládùn díẹ̀. Lójú tèmi o, Guinness bá ọ́ísítà mu jù ú lọ, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ẹ máa fi omi tẹ̀lé e, torí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ òfurufú gbẹ gan-an. Ẹ má sì mu yó: òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka ẹni tó bá yó wọ ọkọ̀ òfurufú sí ọ̀daràn.

Bí ẹ bá wà ní Terminal 5, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń wọ̀ dé ẹnu ọ̀nà B àti C, wọ́n sì máa ń tilẹ̀kùn ní nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ má retí pé wọ́n á pariwo pè yín, pátákó ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé owó wá gbàrà tí oúnjẹ bá ti dé, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: wọ́n sábà máa ń ti fi 12.5% kún un fún àwọn agbáwo, ẹ má tún fún wọn lówó mìíràn. Bí ẹ̀rọ káàdì bá béèrè náírà tàbí pọ́n-ùn, pọ́n-ùn ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Iye tí ẹ̀rọ yẹn máa ṣẹ́ ẹ sí náírà sábà máa ń wọ́n ju ti báńkì yín lọ.