Ṣé Kí N Di Tùràrí Mú Níbi Sàréè Bàbá Ọkọ Mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ọmọ Ṣáínà ni ọkọ mi, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Foshan la ń gbé. Ọkọ mi ti gba Jésù, ìyá rẹ̀ kò tíì gbà á. Qingming ń bọ̀ lóṣù kẹrin, ọjọ́ tí wọ́n máa ń lọ tún sàréè ṣe. Ìyá ọkọ mi ní èmi ìyàwó àkọ́bí gbọ́dọ̀ di igi tùràrí mú, kí n tẹríba lẹ́ẹ̀mẹta níwájú sàréè bàbá. Ṣé ìbọ̀rìṣà kọ́ nìyẹn? Àbí kí n ní ara mi kò yá?
— Ìyàwó Foshan

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má purọ́ àìsàn. Tí o bá jókòó sílé, ìyá ọkọ rẹ kò ní rò ó sí ti Jésù rárá, wọn á ní o kò ka ọkọ àwọn sí. Bá wọn lọ.

Nígbà tí mo ń ra aṣọ ní Guangzhou ránṣẹ́ sí Èkó, mo bá ìdílé ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan lọ sí ibi sàréè wọn. Iṣẹ́ ni wọ́n fi òwúrọ̀ ọjọ́ náà ṣe. Wọ́n tu koríko, wọ́n fọ òkúta, ọmọkùnrin ilé náà sì mú búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fi ọ̀dà pupa tọ orúkọ bàbá rẹ̀ ní ìlà-ìlà. Àwọn mọ̀lẹ́bí yòókù gbé ẹlẹ́dẹ̀ sísun kalẹ̀ fún òkú, wọ́n ń jó owó bébà tí wọ́n gbà pé òkú máa ná. Àwọn onígbàgbọ́ to òdòdó, wọ́n gbàdúrà. Ẹnikẹ́ni kò bá wọn jà, gbogbo wọn ni wọ́n jọ fọwọ́ ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ títẹríba fún òkú ní Ṣáínà yìí ti dá ìjà ńlá sílẹ̀ rí láàárín àwa Kátólíìkì. Matteo Ricci, àlùfáà ẹgbẹ́ Jésúìtì tó wọ Beijing ní 1601, gbà pé ọ̀wọ̀ ọmọ sí òbí ni. Àwọn Dòmíníkà, ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì mìíràn, ní rárá. Póòpù Clement Kọkànlá fòfin dè é ní 1715, inú bí Kangxi, ọba Ṣáínà, ó sì ní kí wọ́n yé wàásù ní ilẹ̀ òun. Ọdún 1939 ni Róòmù tó gbà pé Kátólíìkì lè tẹríba níwájú òkú tàbí àwòrán rẹ̀. Ọmọ Àgùdà ni mí, ibẹ̀ ni mo dúró sí. Ojoojúmọ́ là ń kúnlẹ̀ kí ìyá wa, ta ló pe ìyẹn ní ìbọ̀rìṣà?

Tùràrí yàtọ̀. Àwa náà ń jó o níwájú pẹpẹ, nítorí náà n kò lè pe èéfín ní ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìyá ọkọ rẹ bá gbà pé bàbá ló ń gbà á, tí ọkàn tìrẹ sì ń dá ọ lẹ́bi, má dì í mú. Púpọ̀ nínú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ Ṣáínà kì í dì í mú náà. Béèrè ti ìtẹríba lọ́wọ́ pásítọ̀ rẹ.

Ọkọ rẹ ni kó bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́, nínú ilé, ṣáájú ọjọ́ náà. Tí o bá kọ tùràrí lójú àwọn àbúrò ọkọ wọn, ìtìjú ńlá lo kó bá wọn. Ìwọ ra òdòdó chrysanthemum funfun, kí o sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ìwọ fọ òkúta bàbá. Ní ti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n máa pín, kí ìwọ àti ọkọ rẹ ka Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní orí 10, kí ẹ fẹnu kò kí ẹ tó kúrò nílé, kó má di pé ọ̀kan ń jẹ, èkejì ń wò ó.