Síkúrúù wo ló yẹ fún tábìlì ẹ̀rọ tí mo ń fọwọ́ ara mi ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ń ṣe tábìlì kan tí mọ́tò iná méjì yóò máa fi síkúrúù gígùn gbé lọ gbé bọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ ẹ̀rọ, kí n lè máa gé alumíníọ̀mù lórí rẹ̀. Ìrìn rẹ̀ tó gùn jù jẹ́ 400 mìlímítà. Ọ̀pá M12 eléyín, tó nípọn ní 12 mìlímítà, ló wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lo síkúrúù 8 mìlímítà, irú èyí tó ń wà nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D. Ẹlòmíràn ní síkúrúù oníbọ́ọ̀lù ni kí n rà, bó tilẹ̀ wọ́n. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹni tó ní kí ẹ ra oníbọ́ọ̀lù ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé ó wọ́n ló fi dára.

Dídè nǹkan mọ́ra ni iṣẹ́ ọ̀pá M12. Wọ́n ṣe eyín rẹ̀ kí ó lè há, kí ó má sì tú. Ìdí nìyẹn tí agbára mọ́tò fi ń ṣòfò lórí rẹ̀, tí nọ́ọ̀tì rẹ̀, èyí tí a dè mọ́ tábìlì tí síkúrúù ń yí nínú rẹ̀, sì ń tètè jẹ. Bí nọ́ọ̀tì bá ti jẹ, àlàfo dé nìyẹn. Ẹ gbé géèjì olójú aago ti ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ẹ gbé tábìlì síwájú díẹ̀, kí ẹ wá dá mọ́tò padà: síkúrúù yóò ti máa yí, síbẹ̀ ọwọ́ géèjì kò ní mira. Yíyí lófo yẹn ni mo ń pè ní àlàfo. Bí ó bá tó 0.2 mìlímítà, òbìrí tí ẹ bá gé yóò ní àpá níbi mẹ́rin tí tábìlì ti ń yí ojú padà. Èyí tó burú jù ni pé bí ọ̀bẹ bá ń yí síhà ibi tí tábìlì ń lọ, yóò fa tábìlì mọ́ra lójijì gba inú àlàfo náà, ọ̀bẹ a sì kán.

Síkúrúù 8 mìlímítà sàn ju ìyẹn lọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún igi àti rọ́bà. Àmọ́ ẹ̀yà tó wọ́pọ̀ jù ń gbé tábìlì lọ ní 8 mìlímítà fún yíyí kan ṣoṣo, nítorí pé ọ̀nà eyín mẹ́rin ló jọ wé mọ́ ara rẹ̀. Pẹ̀lú mọ́tò alágbèésẹ̀ 200, ìyẹn èyí tó ń gbé ìṣísẹ̀ 200 kí ó tó yípo kan, ìṣísẹ̀ kan jẹ́ 0.04 mìlímítà, agbára tí mọ́tò fi ń ti tábìlì sì kéré. Bí ó ti tínrín tó, yóò máa jó bí okùn bí ẹ bá sáré yí i.

Nínú oníbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù irin kéékèèké ló ń yí láàárín nọ́ọ̀tì àti síkúrúù, nítorí náà nǹkan bí 90 nínú 100 agbára mọ́tò ló ń dé ibi iṣẹ́. Ẹ ra èyí tó nípọn ní 16 mìlímítà, tó ń lọ 5 mìlímítà fún yíyí kan. Ìṣísẹ̀ kan yóò jẹ́ 0.025 mìlímítà, bí mọ́tò bá sì yí nígbà 600 ní ìṣẹ́jú kan, tábìlì yóò rìn ní 3,000 mìlímítà. Ẹ má ṣe yọ nọ́ọ̀tì rẹ̀ kúrò lórí síkúrúù láéláé, àfi bí ẹ bá fẹ́ máa ṣa bọ́ọ̀lù nílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n bá yín gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì kí ẹ tó gbà á, nítorí irin náà le.

Béárìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà. Èyí tó wà níhà mọ́tò gbọ́dọ̀ di síkúrúù mú kí ó má lè lọ síwájú tàbí sẹ́yìn rárá. Ti ìkejì kàn ń gbé e dúró ni, kí irin lè ráyè gùn bí ó bá gbóná. Bí béárìn bá ń mì, àlàfo tí ẹ ná owó lé lórí láti lé lọ ti padà wọlé. Kí ẹ tó ra síkúrúù, ẹ wọn gígùn nọ́ọ̀tì àti ilé béárìn méjèèjì mọ́ 400 yẹn.