Omi gbé ilé opó lọ: ẹ̀ṣẹ̀ ta ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni mò ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà lọ́jọ́ Ìsinmi ní ìjọ wa. Omíyalé gbé ilé opó kan lọ láàárín wa. Bàbá kan wá dìde ní kíláàsì, ó ní Ọlọ́run kì í fìyà jẹ aláìṣẹ̀, kí màmá náà lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Kí ni àwọn Kristẹni ìgbà àkọ́kọ́ sọ sí irú èyí, tí mo lè fi dá wọn lóhùn?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí màmá náà, ẹ ní ó kú àfaradà.

Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ti pẹ́ láyé. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù náà sọ ọ́. Nígbà kan, àwa Kristẹni gan-an ni àwọn abọ̀rìṣà ilẹ̀ Róòmù ń sọ ọ́ sí. Ní nǹkan bí ọdún 197, Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni kan, ará Carthage, ní ilẹ̀ tó di Tùnísíà lónìí, kọ̀wé pé bí odò Tiber ní Róòmù bá kún dé odi ìlú, tàbí tí odò Náílì kọ̀ tí kò kún dé oko, ariwo tí wọ́n ń pa ni pé kí wọ́n ju Kristẹni sí kìnnìún. Ó wá fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: gbogbo wa yìí, fún kìnnìún kan ṣoṣo?

Nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, àjàkálẹ̀ àrùn wọ Carthage yẹn kan náà. Ìgbẹ́ gbuuru, èébì, ojú tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn kan rọ, etí àwọn mìíràn di. Ó ya àwọn onígbàgbọ́ lẹ́nu pé àrùn náà ń pa àwọn náà. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù wọn, kò tìtorí ìyẹn ka ẹ̀ṣẹ̀ sí wọn lọ́rùn. Ó kọ̀wé sí ìjọ rẹ̀ pé ẹran ara kan náà ni gbogbo wa gbé wọ̀: bí ilẹ̀ kò bá so, ebi kì í yan ẹnikẹ́ni sílẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi bá forí sọ àpáta, gbogbo èrò inú rẹ̀ ló kàn. Ó ní àrùn náà ń dán wa wò bóyá ẹni tí ara rẹ̀ le yóò tọ́jú aláìsàn, bóyá oníṣègùn kò ní sá fún ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́.

N kò ní tàn yín o. Cyprian yìí kan náà, nígbà tó ń fèsì fún Demetrianus, abọ̀rìṣà kan tó di ẹ̀bi ru Kristẹni, ní ayé ti darúgbó, àti pé kíkọ̀ tí àwọn abọ̀rìṣà kọ̀ láti sin Ọlọ́run ló bí I nínú. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tá kì í ṣòro kà. Lójú tèmi, ìwé tó kọ sí ìjọ rẹ̀ ló sàn jù.

Ní Kesaríà ti Kapadókíà, ní ilẹ̀ tó di Tọ́kì lónìí, ní nǹkan bí ọdún 369, ọ̀gbẹlẹ̀ di ìyàn. Basil, àlùfáà ìjọ ibẹ̀, wàásù pé ẹ̀ṣẹ̀ ló fà á. Àmọ́ àwọn tó ti ilẹ̀kùn àká mọ́ oúnjẹ ló nàka sí, kì í ṣe ẹni tí ebi ń pa. Ó bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi ṣí àká, ó sì ń bu oúnjẹ fún tálákà fúnra rẹ̀. Níbòmíràn ó fi Ọlọ́run wé oníṣègùn tó ń fi abẹ gé ara kí ó lè wò ó sàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ ìyẹn létí opó náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ kọ́kọ́ ka Lúùkù 13, nípa àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ Síloámù wó pa. Jésù ní wọn kò dẹ́ṣẹ̀ ju àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè lọ́wọ́ kíláàsì, bàbá yẹn náà pẹ̀lú, ibi tí màmá ń sùn báyìí, àti ẹni tí yóò gbé páànù wá.